Kí ẹ tó wá Òjó yín nínú ìwé ọkọ̀ ẹrú, ẹ kọ́kọ́ ka Bíbélì yẹn dáadáa

Arábìnrin mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka lẹ́tà yín, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kódà, torí ó gbà mí lọ́kàn. Kí àwọn yòókù lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ n tún ìbéèrè yín sọ ní ṣókí. Ẹ ní nínú ẹbí yín, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé Sàró (Yorùbá tó ti Sierra Leone padà wálé) ni bàbá tó bí bàbá bàbá yín, pé ọkọ̀ ogun òyìnbó ló já a gbà nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, Freetown ló sì dàgbà sí kó tó padà wálé. Òjó lorúkọ ilé ẹ̀, orúkọ òyìnbó sì ni ẹbí ń jẹ́ títí dòní. Ẹ wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ rí Òjó bíi mélòó kan nínú rẹ́jísítà àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Freetown, ẹ wá ń bi mí pé èwo nínú wọn ni tiyín. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni Bíbélì Yorùbá àtijọ́ kan tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ pé wọ́n bí bàbá yìí ní nǹkan bí 1838, ó ṣèrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní 1861, ó gbéyàwó ní 1865, ó kú ní 1909. Fọ́tò kan wà pẹ̀lú ẹ̀, ilé ìdílé sì wà ní Èbúté Mẹ́tta.

Ohun tí mo rò rèé, ẹ má bínú: mi ò rò pé ìkankan nínú àwọn Òjó yẹn ni. Mi ò ní ẹbí yín parọ́ o. Ohun tí mo ń wí ni pé ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ń sọ ìtàn kan, ẹnu àwọn àgbà ń sọ òmíràn, ẹ ò sì tíì jẹ́ kí ìwé yẹn sọ̀rọ̀ tán tí ẹ ti gba Freetown lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Bíbélì. Ẹ ní odindi Bíbélì Yorùbá ni, láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Ó dáa. Ní 1861, kò tíì sí irú ẹ̀ láyé yìí. Ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ nígbà yẹn, Róòmù jáde ní 1850, àwọn yòókù ń tẹ̀lé e níkọ̀ọ̀kan, ó di àwọn ọdún 1880s kí odindi ẹ̀ tó wà. Ìyẹn ni pé ẹni tó kọ 1861 sójú ìwé yẹn, ó tó ogún ọdún lẹ́yìn ìrìbọmi kó tó kọ ọ́. Bóyá inú ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi ló ti dà á kọ, bóyá orí ló fi rántí. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà kí ẹ wo íǹkì ẹ̀. Tó bá jẹ́ íǹkì kan náà àti ọwọ́ kan náà ló kọ ìbí, ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ikú, a jẹ́ pé lẹ́yìn 1909 ni ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan jókòó tó kọ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ pé ìlà ikú nìkan ni ọwọ́ ti yí padà, inú mi á dùn gan-an, torí ó ṣeé ṣe kí bàbá fúnra ẹ̀ ló kọ tòkè, ẹ ò sì ní rí ẹlẹ́rìí tó sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ Bíbélì yẹn náà, iwájú pátápátá ló máa ń wà. "Nǹkan bí 1838" yẹn, ẹ má jókòó lé e lórí. Ogun ni ọ̀pọ̀ àgbà ìgbà yẹn fi ń ṣírò ọjọ́ orí, ẹnìkan á ní òun ti lè gbé omi fún àwọn jagunjagun nígbà tí Dàhọ̀mì wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, akọ̀wé á wá ṣírò ẹ̀, á sì fi "nǹkan bí" síwájú ẹ̀. Ẹ fún un láyè ọdún márùn-ún síwá, márùn-ún sẹ́yìn.

Ó wá ku ìrìbọmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ní Abẹ́òkúta. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà lójú mi. Àwọn tí wọ́n bá já gbà tí wọ́n gbé dé Freetown, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń pín sí àwọn abúlé tí míṣọ́nnárì wà, Regent, Bathurst, Kissy, Hastings, Waterloo àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọdé púpọ̀ sì máa ń bọ́ sí ilé ìwé. Ẹ wo Àjàyí Crowther: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Myrmidon já a gbà ní oṣù kẹrin 1822, nígbà tí oṣù Kejìlá 1825 fi máa pé, ó ti ṣèrìbọmi. Kò pé ọdún mẹ́rin. Ọmọ tí wọ́n bá wá bí níbẹ̀ fún onígbàgbọ́, ọwọ́ ìyá ẹ̀ ló máa ń wà tí wọ́n á ti ta omi sí i lórí. Mi ò ní kò ṣeé ṣe kéèyàn dàgbà ní Freetown láìṣe ìrìbọmi, àwọn mùsùlùmí Akú wà níbẹ̀, àwọn tó ń bọ òrìṣà náà wà (Akú ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, torí "ẹ kú, ẹ kú" tó wà lẹ́nu wa). Ṣùgbọ́n kí ọmọ dàgbà láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, kó gba orúkọ òyìnbó, kó wá dúró di ìgbà tó dé Abẹ́òkúta kó tó ṣèrìbọmi ní mẹ́tàlélógún, ìyẹn le díẹ̀. Ẹni tó sábà máa ń ṣèrìbọmi lágbà ní Abẹ́òkúta láyé ìgbà yẹn ni ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, tó fi òrìṣà ilé bàbá ẹ̀ sílẹ̀.

Ilé yín náà tún ń sọ ohun kan náà. Ní oṣù Kẹwàá 1867, Abẹ́òkúta lé àwọn míṣọ́nnárì jáde, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù inú ẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí míṣọ́nnárì Henry Townsend fi ń tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròyìn láti 1859 náà bá a lọ, Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn onígbàgbọ́ tó sá wá sí Èkó, Èbúté Mẹ́tta ni Gómìnà Glover ti fún wọn nílẹ̀, òfin ilẹ̀ mọ ibẹ̀ sí Glover Settlement. Bẹ́ẹ̀ Olówógbowó ni àdúgbò Sàró tó gba ojú omi wọ Èkó tààrà, bí Pópó Àgùdà ṣe jẹ́ ti àwọn tó ti Brazil dé. Ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní 1861, ìgbéyàwó ní 1865, ilé ní Èbúté Mẹ́tta: èmi ń wo ọkùnrin kan tó gbé ìyàwó àti bóyá ọmọ ọwọ́ kan sá kúrò ní Abẹ́òkúta nígbà Ìfọ́lé. Mo lè ṣàṣìṣe o, torí àwọn Sàró náà wà ní Abẹ́òkúta dáadáa, wọ́n ti ń dé ibẹ̀ láti nǹkan bí 1839, wọ́n sì wà lára àwọn tó sá. Àmọ́ ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá a, kì í ṣe lójú òkun.

Ẹ máa ní, orúkọ òyìnbó yẹn ńkọ́? Orúkọ yẹn gan-an ló ń ṣi gbogbo wa lọ́nà. Orúkọ òyìnbó nígbà yẹn kì í ṣe orúkọ ìdílé bá a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, orúkọ tí wọ́n fi dá ẹnìkan lọ́lá ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Àlùfáà ìjọ kan ní London ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ Crowther. T. B. Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859 (CMS ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà), ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kissy ni, kò bá Macaulay kankan tan nílẹ̀ òyìnbó. Ẹ tún wo James Johnson àti Samuel Johnson, àlùfáà làwọn méjèèjì, Sierra Leone ni wọ́n bí wọn sí, ìgbà kan náà ni wọ́n gbé láyé. Bàbá ti àkọ́kọ́ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ìyá ẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, èkejì jẹ́ Ọ̀yọ́, láti ìdí Aláàfin Abíọ́dún. Wọn ò bára tan rárá. Tí ọmọ Abẹ́òkúta kan bá wá gbé lọ́dọ̀ Sàró, tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà tàbí iṣẹ́ télọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, tí ọ̀gá yẹn dúró fún un níbi ìrìbọmi, orúkọ ọ̀gá ló lè jẹ́ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìran mẹ́ta, ìtàn ọ̀gá á ti di ìtàn tiẹ̀. Mo ti rí irú ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìtàn ẹbí yín lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kó kàn jẹ́ pé ẹlòmíì nínú ilé yẹn ló ṣẹlẹ̀ sí.

Fọ́tò yẹn ńkọ́, ṣé ilà wà lójú ẹ̀? Ẹ ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà. Òbí onígbàgbọ́ ní Freetown kì í kọlà fún ọmọ, torí náà tí àbàjà, kẹ́kẹ́, gọ̀ǹbọ́ tàbí pélé bá hàn ketekete, òkè níbí ni wọ́n ti bí i, irú ilà yẹn á sì tọ́ka sí ìhà ibi tó ti wá. Ẹ má dá ilà yẹn mọ̀ fúnra yín látinú ìwé tẹ́ ẹ kà, ẹ fi han àgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì sọ ohun tí ẹnì kìíní wí fún ẹnì kejì. Tí ò bá sí ilà, ìyẹn ò fìdí nǹkan kan múlẹ̀, torí wọ́n lè kó ọmọ lẹ́rú kí wọ́n tó kọlà fún un, àwọn ilé kan ò sì kọlà rárá.

Ibo wá ni kí ẹ gbà? Ikú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Ọdún 1909 ló sún mọ́ yín jù, ìwé ẹ̀ ló sì pọ̀ jù. Èkó ti ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1860s, ẹ wá ìwé ikú ẹ̀, kí ẹ sì lọ bi ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti sìn ín léèrè ìwé ìsìnkú tiwọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá wíìlì ẹ̀ ní Probate Registry ti Èkó, ọ́fíìsì kọ́ọ̀tù tó ń tọ́jú wíìlì. Wíìlì dùn mọ́ mi ju gbogbo ìwé lọ, torí ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń pe ọmọ ní ọmọ, tó ń pe àbúrò ní àbúrò, tó ń fi nǹkan sílẹ̀ fún "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Abẹ́òkúta", ẹ̀yin á wá ri pé háà, ó ní ẹ̀gbọ́n! Tí ò bá kọ wíìlì, ẹ wá bóyá àwọn ọmọ gba ìwé àṣẹ láti pín ogún, orúkọ gbogbo wọn lè wà níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìwé ìròyìn Èkó ìgbà yẹn náà. Lagos Weekly Record tí John Payne Jackson dá sílẹ̀ ní 1891 ṣì ń jáde ní 1909, Lagos Standard náà ṣì wà. Tí àgbà ìjọ bá kú, wọ́n máa ń kọ ìtàn ayé ẹ̀ nígbà míì, ìlú tó ti wá, ẹni tó tọ́ ọ, ọdún tó dé Èkó. Tí ẹ bá dé University of Ibadan, inú ọgbà kan náà ni Kenneth Dike Library àti National Archives wà, ẹ lè ṣe méjèèjì nírìn-àjò kan. Ẹ mú pẹ́ńsùlù dání o, ẹ má mú bíírò, kí ẹ sì fún ara yín ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, torí ọjọ́ kìíní á lọ sórí kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń pe fáìlì.

Ẹ wá bóyá wọ́n ti jà sí ilé ìdílé yẹn rí ní kọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ pé kò dùn ún bèèrè nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń jà sí ilé, wọ́n ní láti ka ìran wọn níwájú adájọ́, ẹni tó bí tibí àti ẹni tó bí tọ̀hún. Ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé tó lọ sí kọ́ọ̀tù Èkó ní 1908 lórí ilé ìdílé Mabinuori, àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń tọ́ka sí i di òní olónìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ta ni àti ẹ̀tọ́ wo ló ní sí ilé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ kàn máa rántí pé ẹni tó ń du ilẹ̀ lè fi ẹnìkan kún ẹbí, ó sì lè yọ ẹnìkan kúrò. Ẹ gba ohun tí apá méjèèjì jọ gbà, ẹ fi èyí tí ẹnì kan ṣoṣo sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná.

Ìrìbọmi 1861 ló máa yọ yín lẹ́nu jù. Ìfọ́lé ò mọ ìwé yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn, torí náà ẹ lè dé ṣọ́ọ̀ṣì tó yẹ kẹ́ ẹ bá a kí ẹ má bá nǹkan kan. Ẹ bèèrè ṣá o. Tí ò bá sí, ohun tó là ni èyí tó ti wọkọ̀ kúrò nílẹ̀ yìí kí Ìfọ́lé tó dé: àwọn òṣìṣẹ́ CMS, òyìnbó àti dúdú, ní láti máa kọ ìròyìn iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí London, wọ́n sì máa ń dárúkọ àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, àwọn tó gbà, àwọn tí ẹbí ń fìyà jẹ torí pé wọ́n gbà. Ìwé wọ̀nyẹn wà ní Cadbury Research Library ní University of Birmingham, CA2 ni wọ́n kọ sára ti míṣọ̀n Yorùbá títí di 1880. Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò yẹn láàárín 1858 sí 1862, kí ẹ wá ka ìròyìn tiwọn nìkan, torí ẹ ò lè ka gbogbo ẹ̀ tán láyé yìí. Ti Mẹ́tọ́díìsì wà ní yunifásítì SOAS ní London, ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣèrìbọmi. Àwọn ìwé CMS kan tó ṣẹ́ kù nílé, Ìbàdàn ló wà, ní National Archives yẹn náà.

Nígbà tí ẹ bá ń wá orúkọ, ẹ má kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Ọdún 1875 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé l'Ékòó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, kó tó dìgbà yẹn kálukú ń kọ bó ṣe gbọ́ ọ. Crowther fúnra ẹ̀ jẹ́ "Adjai" nínú ìwé àtijọ́. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, jẹ́ Sodeke níbì kan, ó jẹ́ Shodeke níbòmíì.

Ẹ jẹ́ n wá padà sórí rẹ́jísítà Freetown, torí mo mọ̀ pé ọkàn yín ṣì wà níbẹ̀. Ìwé ńlá ni, mi ò fojú kéré ẹ̀ rárá, orúkọ àwọn tó lé ní 80,000 ló wà níbẹ̀, láti 1808 títí di 1848, ti Freetown wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Fourah Bay College, ẹ̀dà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew ní London. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ojú ewé kan níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin àbí obìnrin, ọjọ́ orí, gíga ẹni náà, àpá àti ilà ara. Ó tán. Ìlú tó ti wá kì í sábà sí níbẹ̀. Akọ̀wé òyìnbó ń bi ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, ògbufọ̀ ń sọ ọ́, akọ̀wé ń kọ ohun tí etí ẹ̀ gbọ́. Òjó sì ni ẹni tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, àmútọ̀runwá ni, kò sí ìlú Yorùbá tí wọn ò ti ń bí Òjó. Ká ní Ògún, Ifá, Àyàn tàbí Ọ̀jẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀ ni, à bá rí nǹkan dì mú nípa iṣẹ́ àti ẹ̀sìn ilé bàbá ẹ̀. Pẹ̀lú Òjó lásán, ẹni tó bá ní òun ti rí tiyín nínú rẹ́jísítà ń fojú inú wò ó ni. Èmi fúnra mi ti tẹ̀ lé Àìná kan báyìí fún oṣù mẹ́jọ, mo ti kọ ìtàn ẹ̀ fún ẹbí tó rán mi, kí n tó rí i pé Àìná méjì ló wà ní abúlé kan náà, ti wọn sì ni èkejì. Ó dùn mí wọra, torí àwọn àgbà ilé yẹn ti gbàdúrà sórí orúkọ ẹni ẹlẹ́ni.

Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ lọ ṣe DNA. Ó lè bá yín rí ìbátan tó wà láàyè, kò lè sọ orúkọ fún yín. Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn obìnrin ilé yín. Ta ló dàgbà jù nínú wọn? Ẹ lọ jókòó tì í láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ ní kó kì yín bí wọ́n ṣe ń kì í nígbà tó wà lọ́mọdé. Kì í ṣe Àkànní àti Àbẹ̀kẹ́ o, oríkì orílẹ̀ ni mò ń sọ. Onígbàgbọ́ púpọ̀ ju òrìṣà nù, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ò ju oríkì nù, ó ń fi jí ọmọ ọmọ ẹ̀ ni. Tó bá ní "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín", Ọ̀fà nìyẹn. Tó bá ní ọmọ Ẹ̀ṣọ́, ẹ wo ọ̀nà Ìkòyí (ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ o, kì í ṣe ti Èkó). Ẹ gbà á sórí fóònù bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ má ṣe tún un ṣe fún un, kí ẹ wá bi í pé ọ̀dọ̀ bàbá ni oríkì yìí ti wá àbí ọ̀dọ̀ ìyá, torí méjèèjì máa ń pọ̀ mọ́ra wọn.

Ẹ sì bi í léèrè orúkọ ìyàwó tí Òjó gbé ní 1865. Mo wá obìnrin yẹn nínú lẹ́tà yín lókè nílẹ̀, mi ò rí i, ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ìyàwó ò sí. Tó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n bí ní Kissy tàbí Hastings, tó jẹ́ pé bàbá tiẹ̀ ni ọkọ̀ ogun já gbà lójú òkun, gbogbo ohun tí ẹbí yín ti ń wí látọjọ́ yìí á jẹ́ òótọ́, orúkọ òyìnbó yẹn á sì lè jẹ́ ti bàbá ẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá padà lọ ṣí rẹ́jísítà Freetown, ẹ ò sì ní máa wá Òjó mọ́. Orúkọ tí ìyá àgbà bá fún yín ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fọ́tò ojú ìwé Bíbélì yẹn, kí n bá yín wò ó.